Géèmù Japan àtijọ́ ti padà dé: ẹni tí iná ò jẹ́ kó parí tiẹ̀ lè parí rẹ̀ báyìí

Ní Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà tó lọ láti Àkúrẹ́ sí ìlú Oǹdó, àti ní gbogbo agbègbè yìí, ẹni tó bá ní PlayStation nílé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn mọ ẹ̀rù kan tí ẹni tó kàn ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọmọ ọ̀hún ti jókòó láti ọ̀sán. Ó ti la ihò àpáta kan já, ó ti pa ẹranko abàmì bíi mélòó kan, ó wá kù díẹ̀ kó dé ibi tí géèmù ti máa gbà á láyè láti fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pamọ́. Iná lọ. Wákàtí mẹ́ta ti wọmi. Nígbà tí iná bá padà dé, tí gbogbo àdúgbò pariwo "Up NEPA!", ibi tó wà kó tó jókòó lọ́sàn-án ló máa tún bá ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù yẹn ni kò parí títí dòní. Kì í ṣe pé wọ́n le ju ẹni tó ń gbá wọn lọ. Iná ló dá òmíràn dúró, síìdì tó ti ha ló dá òmíràn dúró, nígbà míì ẹ̀gbọ́n ẹni ló pa á rẹ́ láìmọ̀.

Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn iléeṣẹ́ Japan tó ṣe àwọn géèmù náà ti ń tún wọn gbé jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n tún àwòrán ṣe, wọ́n tún orin rẹ̀ lù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó dàgbà sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun tó tóbi jù nínú àtúnṣe náà kì í ṣe àwòrán. Òun ni pé géèmù ti ń séèfù ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí.

Irú géèmù wo nìyí ná?

Ẹni tí kò gbá géèmù rí lè mọ irú rẹ̀ tó bá ti ka ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí Oǹdó. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ọba rán Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kò dá lọ. Kákò bá a lọ pẹ̀lú kùmọ̀, Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ ní ọfà, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ ní ohùn orin. Oníkálukú ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìṣòro tó bá sì dé ló ń sọ ẹni tó máa bọ́ síwájú.

Géèmù onítàn ti Japan, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní RPG, ètò kan náà ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó mú páàdì dání ló ń darí akọni kan àti àwọn tó ń bá a rìn. Wọ́n á ti ìlú dé ìlú, wọ́n á bá ará ọjà sọ̀rọ̀, wọ́n á ra oògùn àti idà, wọ́n á bá iwin jà. Ìjà ọ̀hún, ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ti ká máa tẹ bọ́tìnnì wàràwàrà. Bí ayò ni: ẹni kan á ta, ẹnì kejì á ta. Bí wọ́n bá ṣe ń borí ni agbára wọn á máa pọ̀ sí i. Final Fantasy VII tó jáde ní 1997 gùn débi pé síìdì mẹ́ta ni wọ́n kó o sí, ẹni tó bá sì máa gbá a parí á lo bí ogójì wákàtí.

Ogójì wákàtí yẹn ló fà á tí irú géèmù yìí kò fi rí àyè ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Níbẹ̀, eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sanwó fún. Ọmọ tó bá sanwó eré kan fẹ́ gbá Winning Eleven, kó na ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó fi ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Ta ló fẹ́ sanwó ogójì wákàtí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé Konami tó ṣe Winning Eleven náà ló ṣe Suikoden, ọ̀kan lára àwọn géèmù onítàn tó dùn jù lọ láyé PlayStation àkọ́kọ́. Èèyàn 108 ló wà nínú Suikoden tí akọni lè kó jọ, látorí ọ̀gágun dórí alásè, kí wọ́n lè jọ gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ni wọ́n lára. Inú ìtàn àtijọ́ kan nílẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti mú ètò èèyàn 108 ọ̀hún.

Nínú ilé, nígbà náà, ni wọ́n ti ń gbá wọn. Ayédèrú síìdì ló kún ọjà, ẹlòmíì sì lè ra síìdì kìíní kó má rí ìkejì rà. Bí iná ìjọba bá lọ, tí owó epo bá wà, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour". Bí epo inú rẹ̀ bá tán lójijì, ọ̀rọ̀ di bákan náà.

Káàdì kékeré, ìjà ńlá

Mẹ́mọ́rì káàdì PlayStation àkọ́kọ́ kò ní ju àyè kìlóbáìtì 128 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù òde òní bá yà jù ú lọ lọ́nà tó pọ̀. Àyè náà pín sí 15, gbogbo ilé ló sì jọ ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi líìgì bọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́ tí kò rí àyè, ìtàn àbúrò rẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ìjà tó ń ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe kékeré o.

Káàdì ọ̀hún ní iṣẹ́ mìíràn. Suikoden II a máa wo inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí i pé ẹni náà ti parí Suikoden àkọ́kọ́, akọni ìtàn àkọ́kọ́ á lè fara hàn nínú ìkejì, á sì lè bá wọn jagun. Ẹni tí wọ́n ti pa tiẹ̀ rẹ́ kò ní rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbá géèmù àkọ́kọ́ yẹn parí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni géèmù ti ń gba èèyàn láyè láti séèfù. Ojúkò wà fún un: ilé àlejò, ẹ̀yìn odi ìlú, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ọ̀gá àwọn ọ̀tá. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rù ba ẹni tó wà nínú ihò, kó mọ̀ pé bí òun bá kú síbí, òun máa pàdánù nǹkan. Èrò tó dáa ni, fún ìlú tí iná kì í lọ.

Àwọn ọmọ Japan gan-an jẹ irú ìyà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kọ́ ló fi jẹ wọ́n. Dragon Quest àkọ́kọ́, tó jáde ní 1986, kò lè fi ohunkóhun pamọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ sùn, géèmù á fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà onílẹ́tà 20. Á fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé, á sì tún un tẹ̀ lọ́jọ́ kejì kó tó lè tẹ̀ síwájú. Nínú apá kejì, ní 1987, ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn lè gùn tó lẹ́tà 52. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan kọ, ó parí fún un nìyẹn. Apá kẹta, tó jáde ní oṣù Kejì 1988, ni wọ́n tó fi bátìrì kékeré sínú rẹ̀ kó lè máa rántí. Òun náà a sì máa gbàgbé. Tó bá ti gbàgbé, á kọ orin burúkú kan, á wá sọ fún ọmọ náà pé ó ṣe é láàánú, àkọsílẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀ ti pa rẹ́.

Èyí ni àtúnṣe tuntun mú kúrò. Suikoden méjèèjì tí Konami tún gbé jáde nínú àpò kan ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2025 ń séèfù ara wọn bí èèyàn ṣe ń rìn lọ. Final Fantasy mẹ́fà àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láàrin 1987 sí 1994, ni Square Enix tún ṣe láàrin 2021 sí 2022 lábẹ́ orúkọ Pixel Remaster. Àwọn náà ń séèfù nígbà tí akọni bá ti ibì kan bọ́ sí ibòmíì, ẹni tó ń gbá a sì tún lè dá a dúró láàrin ihò kó lọ jẹun. Wọ́n wà lórí fóònù, fóònù sì ní bátìrì tiẹ̀. Iná lè lọ kó má dé títí di ọ̀túnla.

Nǹkan mìíràn tún yí padà. Ọmọ ọdún 15 tó ń gbá Final Fantasy VII ní nǹkan bí ọdún 2000 ti di ẹni ogójì ọdún. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó lè ti ní ọmọ tirẹ̀ tó ń bá a du fóònù. Ogójì wákàtí ti di ọ̀rọ̀ oṣù púpọ̀. Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe fi ìsáré kún un: Final Fantasy VII àti VIII tí wọ́n ń tà báyìí lè sáré ní ìlọ́po mẹ́ta, Suikoden náà lè mú ìjà yára ní ìlọ́po méjì. Inú ń bí àwọn kan sí èyí, wọ́n ní ìyà àtijọ́ wà lára adùn rẹ̀. Kò burú. Kò kúkú sẹ́ni tó ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì náà.

Àtúnṣe yàtọ̀ sí àtúndá

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rà á tán kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rà.

Àtúnṣe dà bí ilé baba ẹni tí wọ́n tún kùn, tí wọ́n pààrọ̀ páànù rẹ̀, tí wọ́n tún wáyà rẹ̀ ṣe. Yàrá tí bàbá ń sùn ṣì wà níbi tó wà. Àtúndá ni kí wọ́n wó ilé náà, kí wọ́n kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ bàbá sí i lára. Ó lè dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ ni.

Final Fantasy VII ní oríṣi méjèèjì. Ti 1997 wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, àwòrán rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọwọ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣì rí bí igi gbígbẹ́. Èyí tó jáde ní oṣù Kẹrin 2020 pẹ̀lú orúkọ Remake jẹ́ àtúndá pátápátá. Ìlú kan ṣoṣo, Midgar, tí wákàtí díẹ̀ tó láti kọjá nínú ti àtijọ́, ni wọ́n fà gùn di odindi géèmù. Wọ́n yí ìjà rẹ̀ padà, wọ́n yí apá kan nínú ìtàn náà padà. Apá kejì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì 2024. Lórí kọ̀ǹpútà, ti 2020 nìkan ń fẹ́ àyè bíi gígábáìtì 100. Ẹni tó bá fẹ́ fi dátà fóònù wà á jáde, kó kọ́kọ́ ṣírò o.

Ìtàn inú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì síbí. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Shinra ń fa ẹ̀mí ilẹ̀ ayé jáde láti fi ṣe iná mọ̀nàmọ́ná. Àwọn olówó ń gbé lókè, àwọn tálákà ń gbé lábẹ́ wọn níbi tí oòrùn kì í dé, ilẹ̀ sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti etí òkun Ìlàjẹ wá, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Dragon Quest III tó padà dé ní oṣù Kọkànlá 2024 wà láàrin méjèèjì. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣì kéré, wọ́n ṣì pẹlẹbẹ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ní jíjìn, omi rẹ̀ ń tàn, òjìji igi ń ṣubú sílẹ̀. Akira Toriyama tó ya àwọn èèyàn náà láti 1986 kú ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, kò dúró wò ó. Yoshitaka Murayama tó dá Suikoden sílẹ̀ ti kú ní oṣù kan ṣáájú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn lo ti àtijọ́?

Nítorí ti àtijọ́ ń kú. Bátìrì inú géèmù ọdún 1988 kì í pẹ́ títí ayé. Síìdì ń ha, ojú tó ń ka síìdì nínú ẹ̀rọ ń rẹ̀wẹ̀sì. Ní 2023, àjọ Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan tó fi hàn pé nínú àwọn géèmù tó jáde lọ́hùn-ún kí ó tó di 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lọ́jà mọ́ lọ́nà tó bófin mu.

Àwọn tó ni wọ́n pàápàá kò tọ́jú wọn dáadáa. Nígbà tí Square Enix fẹ́ tún Kingdom Hearts ti 2002 ṣe fún ọdún 2013, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é ti sọnù. Wọ́n ní láti tú géèmù tí wọ́n ti tà fáráyé wò, kí wọ́n yọ èyí tó ṣeé yọ, kí wọ́n sì tún ìyókù dá. Bákan náà lọ̀rọ̀ sinimá rí nílé níbí: Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ọdún 2016 ni wọ́n tó rí i nínú ilé ìkópamọ́ kan ní Jos, Jámánì sì ni wọ́n ti tún un ṣe.

Èyí ló ṣàlàyé ìdí tí àtúnṣe kan fi máa ń rí wúruwùru. Nínú Final Fantasy VIII tó padà jáde ní 2019, ojú àwọn èèyàn mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ilé àti títì tó wà lẹ́yìn wọn ṣú bàìbàì, bí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun dúró níwájú fọ́tò àtijọ́. Kékeré báyìí ni wọ́n ya àwọn àwòrán ẹ̀yìn yẹn fún tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà. Tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́, á fà ya lójú.

Tẹlifíṣọ̀n alẹ́yìn-ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Gíláàsì rẹ̀ a máa da àwọ̀ pọ̀, á jẹ́ kí àwọn àmì kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ya akọni dà bí àwòrán tó dán. Lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní, gbogbo onígun mẹ́rin náà ló hàn síta. Ẹni tó bá sọ pé géèmù yìí rẹwà ju báyìí lọ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, irọ́ kọ́ ló ń pa.

Èló?

Ibẹ̀ ló ti le. Dọ́là 50 ni wọ́n ń ta Suikoden méjèèjì nígbà tó jáde. Tí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, 75,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ohun tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n nínú ike, tí kò ju owó ìpápánu lọ, ti ju owó oṣù odindi lọ báyìí.

Ti fóònù ló ṣeé fọwọ́ bà. Chrono Trigger, tó jáde ní 1995, tí olórí àwọn tó ṣe Final Fantasy àti ẹni tó kọ Dragon Quest jọ pawọ́ pọ̀ ṣe, tí Toriyama sì yàwòrán rẹ̀, kò ju bíi dọ́là mẹ́wàá lọ lórí fóònù. Ó kúrú ju àwọn yòókù lọ. Fún ẹni tí kò gbá irú rẹ̀ rí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe Final Fantasy VII tí gbogbo ayé ń pariwo.

Ẹni tó bá ń retí kí wọ́n bá òun sọ Yorùbá nínú rẹ̀ á dúró pẹ́. Faransé wà lára èdè tí wọ́n tú Pixel Remaster sí, Thai wà níbẹ̀, Yorùbá kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi géèmù Japan dàgbà nílẹ̀ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ní oṣù Kẹrin 2016, Kiro'o Games, tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde fún kọ̀ǹpútà. Ọba kan tó ń jẹ́ Enzo, tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gorí oyè, òun àti Erine ìyàwó rẹ̀ ló ń rìn káàkiri láti gbà á padà. Agbára àwọn baba ńlá rẹ̀ ló fi ń jà.

Ní ti mẹ́mọ́rì káàdì àtijọ́ tó ṣì wà nínú dúróọ̀ àwọn kan ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, àwọn géèmù tuntun yìí kì í kà á. Ìtàn tó dúró sí síìdì kejì lọ́dún náà lọ́hùn-ún á dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parí Suikoden báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, níbi tí géèmù ti máa ń béèrè orúkọ tó fẹ́ sọ akọni náà.